Aṣọ funfun tí ìyá mi fi wé òjòlá mi

Ìyá mi ṣe mí lóore lónìí, oore náà sì fẹ́ pa mí.

Mo ń sin òjòlá kan. Òmìnira ni mo sọ ọ́, torí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fa àsíá tuntun sókè ní Sakété ló wọ ilé wa.

Lánàá, ó gbé eku ńlá kan mì. Tó bá ti jẹun báyẹn, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó mira. Èmi mọ̀. Mo jáde lọ sí Pọbẹ̀ láàárọ̀, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo dé, ìyá mi ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ mi, ó ti kú. Mo fọwọ́ kàn án títí, kò mira. Mo fi aṣọ funfun mi wé e, mo sin ín bí ènìyàn. Nílé bàbá mi ní Àjàṣẹ́, a kì í sọ òkú òjòlá sígbó.”

Mo sáré gbé ọkọ́, mo hú u. Ó ti kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eku náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Inú aṣọ yẹn ló bì í sí.

Ṣé òkú a máa bì?

Ìyá mi ò tíì rí i. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi: “Ṣé mo wé e dáadáa?”

Mo yára fi aṣọ bo eku náà. Mo ní: “Ẹ wé e dáadáa, Ìyá. Ẹ ṣeun.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?