Bàsíà Ìfọṣọ Lórí Ọkọ̀ Ìje

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Fẹ́sítáàkì l'Ékòó, tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára ògiri, kò sí ọmọbìnrin tó yangàn tó mi ní gbogbo àdúgbò. Mọ́tò Mọ́mì ló fà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, owó ara wọn ni wọ́n sì fi ra ọkọ̀ ìje pupa kan tí kò gbà ju ẹni méjì lọ, tó lọ sílẹ̀ débi pé ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi yọ̀! Bó bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, a ó pa súwè tì, a ó sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ariwo títí dé géètì.

Àfi bí ẹ́ńjìnnì ṣe nọ́ọ̀kì ní Máìlì Tú lọ́jọ́ kan, tí wọ́n fi okùn wọ́ ọ wálé. A wá irú ẹ́ńjìnnì náà títí, a ò rí. Dádì ò fẹ́ràn ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, nítorí bí wọ́n bá jókòó sínú rẹ̀, orúnkún wọn a máa kan àgbọ̀n wọn. Wọ́n ní bí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì ní Sátidé, àwọn onírin àlòkù ló ni ín. Ọkàn mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Mọ́mì kàn ní, "Bí ẹṣin bá dáni, à tún un gùn ni," wọ́n sì gba Kùjẹ́, àdúgbò tó wà nítòsí wa, lọ pe Bọ̀dá Súlè, mẹkáníìkì wa.

Ẹ́ńjìnnì takisí ni Bọ̀dá Súlè gbé dé. Takisí ọ̀hún ti run womúwomú níbi tó ti kọlu igi, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko. Inú mi dùn kọjá ààlà! Òórùn bẹntiróòlù dà pọ̀ mọ́ ti dòdò tí Mọ́mì ń dín fún Bọ̀dá Súlè àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Èmi tí wọ́n ní kí n máa fọṣọ, mo fi bàsíà sílẹ̀, mo lọ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, gírísì sì yí aṣọ ilé-ìwé tó wà lọ́rùn mi. Mọ́mì ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, kí n nawọ́ sókè. Kò dùn mí rárá, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí gbogbo nǹkan kedere.

Ẹ́ńjìnnì wọlé, àmọ́ ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò pa dé mọ́.

"Mà, àfi ká gé e," Bọ̀dá Súlè ní. "Ká sì wá nǹkan dé e lórí o, torí òjò."

Mọ́mì wò yíká. Wọ́n wò mí, wọ́n wo bàsíà.

"Dìde. Kó aṣọ yẹn kúrò, da omi nù, kó o gbé e wá."

Bẹ́ẹ̀ ni bàsíà tí mo máa ń sunkún lé lórí bí wọ́n bá ní kí n fọṣọ ṣe dorí kodò lórí ọkọ̀ ìje, tí a fi bóòtù dè é, tí a sì kùn ún ní pupa. Ó dà bí kókó iwájú orí ọmọ tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Sátidé pé. Àwọn onírin àlòkù ti dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú ọmọlanke wọn. Bọ̀dá Súlè ní "Bísímílà," Mọ́mì ní "Lórúkọ Jésù," gbogbo àdúgbò sì ṣe "Àmín" fún méjèèjì. Mọ́mì ṣáná sí i. Ó wúkọ́, ó dákẹ́. Wọ́n tún ṣáná. Ó bú ramúramù! Àwọn onírin bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ gba iwájú wọn jáde, àwa ọmọ ń fò sókè. Ó kan Dádì. Wọ́n ká ìwé ìròyìn wọn, wọ́n ní àwọn rántí nǹkan kan tí àwọn fẹ́ rà ní Máìlì Tú, ni wọ́n bá ká orúnkún wọnú ọkọ̀.

Lóde òní, mọ́tò tèmi kì í ké. Bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀, iná kékeré kan ló ń sọ ohun tó ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń jáde wá wò ó. Bí mo bá ń gbé Mọ́mì lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dẹtí sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé o ti ṣáná sí i?"

"A ti kọjá Kùjẹ́ o, Mọ́mì."

Wọ́n á mirí. "Mọ́tò oníbàsíà mi ì bá ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ń jáde."