Eré Tí Ọmọ Mi Kò Rí Sá

Ìyàwó mi ló máa ń ki ọmọbìnrin wa bó bá ń sáré. Yóò fi gèlè gbàjá, yóò dúró síbi tí eré ń parí sí, yóò sì máa fi oríkì ilé wa pe ọmọ náà bọ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi a dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ike omi. Ariwo láàárín èrò kì í rọrùn fún mi.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá la sin ìyàwó mi. Ọmọ náà wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìdíje kan ṣoṣo ló sì kù tó lè bá wọn sá kó tó jáde. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa kì mí o." Mo bẹ àbúrò ìyàwó mi ní Ìpájà, tó ti gbọ́ oríkì náà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n, ó kà á sínú fóònù mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, mo ń kọ́ ọ.

Bọ́ọ̀lù ló ba nǹkan jẹ́. Kóòṣì bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà mú ọmọkùnrin wẹ́dà kan láti Ìgàndó, tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ó fún un ní káàdì ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ní kó bá àwọn gbá. Ọmọkùnrin náà gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kìlọ̀ fún un. Ó sáré dé etí pápá, ó ń ki ọmọ rẹ̀: ó dárúkọ rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ agboolé wọn. "Wẹ́dà mi! Irin ń gbọ́ tìẹ, áḿbọ̀sì bọ́ọ̀lù!"

Ọ̀gá ikọ̀ kejì ló dúró tì í. Ó ní, "Màmá, ẹ tún un sọ kí n gbọ́." Ìyá náà tún un sọ, tayọ̀tayọ̀.

Àwọn tó ń darí ìdíje fòfin de kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fún ọdún méjì, nínú gbogbo eré ìdárayá pátá.

Mo lọ bá ẹni tó ń bójú tó eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ mi. Ó fún mi ní àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìka kan ló tọ́ epo, ó ti ran gbogbo wa."

"Ọmọ tèmi kò gbá bọ́ọ̀lù rí."

"Mo mọ̀, sà. A ti lé kóòṣì, èmi náà sì ti bẹ àwọn tó ń darí ìdíje. Wọ́n ní bí kò bá dun gbogbo ilé, gbogbo ilé ni yóò tún máa bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mo dìde lórí àga. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo padà sílé.

Ọmọ mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo dé. Mo ní ìyà náà kò tọ́ sí i. Kò gbójú sókè.

"Dádì, a mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé ọmọkùnrin yẹn kì í ṣe ọmọ ilé ìwé wa. Gbogbo wa la mọ̀. A tún ń pàtẹ́wọ́ fún un."

"Ṣé o lè dá kóòṣì dúró ni?"

"Ta ni mí, jàre?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. "Ṣùgbọ́n àwọn tá a rẹ́ jẹ yẹn, ọdún tó gbẹ̀yìn ni fún àwọn kan nínú wọn náà."

Títí di òní ni mo ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí mo bá ní ìyà náà tọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ọmọ mi? Bí mo bá ní kò tọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ tí wọ́n rẹ́ jẹ? Ìyàwó mi ì bá mọ ohun tí à á sọ. Bí kò tilẹ̀ mọ̀, ì bá sáà sọ nǹkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje tí kò lè bá wọn sá mọ́, ọmọ náà wọ bàtà eré rẹ̀, ó lọ sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa ní Ẹ̀gàn. Mo gbé ike omi tẹ̀ lé e. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, àfi ewúrẹ́. Ó sáré yí pápá ká bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo la ẹnu. Mo ti mọ oríkì náà tán nílé. Ìlà àkọ́kọ́ jáde. Ìyókù kọ̀, kò wá.

Ó dúró níwájú mi, ó ń mí gúlegúle, ó ń retí.

Mo na ike omi sí i.