Àbọ̀ Yorùbá Tiwátọ́pẹ́

Ìyá Tiwátọ́pẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì, tí Kóòṣì Felix sì fa ọmọ náà lé Mùjídàt lọ́wọ́, obìnrin náà bẹ Mùjídàt pé kó jọ̀ọ́, kó máa sọ Yorùbá sí i. New Haven nílẹ̀ Ìgbò ni wọ́n bí Tiwátọ́pẹ́ sí. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Píjìn, Ìgbò rẹ̀ sì dán mọ́nrán, àmọ́ bó bá la ẹnu sí èdè ìyá rẹ̀, "o" ló ń pe àgbà.

Mùjídàt gbà tayọ̀tayọ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó sì ti ń sá irinwó mítà fún ilé ẹ̀kọ́ náà láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹta tó wà yìí. Iṣẹ́ tí kóòṣì yàn fún un ni kó máa mójú tó ọmọ tuntun náà, kó mọ bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, bí ara rẹ̀ ṣe le sí, kó sì máa jábọ̀ fún òun. Mùjídàt wá fi òfin tirẹ̀ kún un pé Yorùbá nìkan ni àwọn yóò máa sọ. Bí ọmọ náà bá fẹ́ yà sí Gẹ̀ẹ́sì, á ní òun ò gbọ́. Ó rò pé oore lòun ń ṣe.

Láràárọ̀, á pè é lórí fóònù, á bi í pé ẹsẹ̀ ńkọ́. Ọmọ náà á ní, "Ó dùn." Mùjídàt á bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn bí ìrẹsì ọjọ́ Iléyá? Ó gbà pé ohun tó fẹ́ sọ ni pé ẹsẹ̀ dáa, á sì ní kó máa bá eré rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì dé pápá, tí ara ọmọ náà ti gbóná, eré tó ń sá kì í fi nǹkan kan hàn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Èyí tó dénú Mùjídàt di odindi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe odindi ẹni tó sọ ọ́.

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ sáré yan àwọn tí yóò lọ ìdíje, Mùjídàt lọ dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé. Ó rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó gbá ògiri mú, ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó sì ń wọ́ tòsì tẹ̀ lé e. Bó ṣe rí Mùjídàt, ó nàró, ó rẹ́rìn-ín.

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé wọn lọ sí pápá, ọ̀rọ̀ àràárọ̀ ọmọ náà ni Mùjídàt ń tún gbọ́. "Ó dùn." Kí ló dé tí òun ò fi "mí" kún un wò rí? Ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló sọ adùn di ìrora. Òun náà ló ń sọ fún kóòṣì pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí le koko, tí ìyẹn fi ní ọmọ náà ni yóò gba igi sá ìparí nínú eré onígi ẹlẹ́ni mẹ́rin. Bó bá wá jẹ́ iṣan ló kàn há ńkọ́, tí òun sì dá a dúró, tí òun ba ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Síbẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ iṣan, kó má jẹ́ egungun.

Ní pápá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ọmọ náà. Tiwátọ́pẹ́ já ẹsẹ̀ gbà, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Mùjídàt gbàgbé òfin rẹ̀. "Since when e dey pain you?"

Ọmọ náà wò ó tìyanutìyanu. "Every day I dey tell you na. You go laugh, you go say make I continue. I think say na so e dey be for everybody."

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Wọ́n ti ń pe àwọn eléré síbi ìlà. Tiwátọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó wá gbójú sókè, ó ń wo ẹnu Mùjídàt. Mùjídàt sì rí i pé bí òun bá ní kó sá, yóò sá.

Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú ṣinṣin, ó sì pe kóòṣì.

"Coach, she no go run. She don tell me tey. Na me no hear Yoruba."

Ìgbà yẹn ni Tiwátọ́pẹ́ jókòó sínú koríko, tó wá sunkún ẹsẹ̀ rẹ̀.