Ọjọ́ Tí Mo Pe Ìyá Ọkọ Mi Lórúkọ

Òórùn omi tútù àti ti kọfí ló kọ́kọ́ pàdé wa nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní ìlú kékeré etí adágún kan, ní apá òkè Ítálì lọ́hùn-ún. Àárọ̀ ni, oòrùn kò tíì mú. Àwọn ilé aláwọ̀ ọsàn àti ti ìyeyè gun ara wọn lórí láti etí omi títí dé àárín òkè, òkúta ilẹ̀ sì ṣì tutù níbi tí wọ́n ti fi omi fọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi dúró, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n fa afẹ́fẹ́ símú. Wọ́n ní, "Omi yìí ò lẹ́ja. Ibi tẹ́ja bá pọ̀ sí, imú á ti sọ féèyàn." Láti ìgbà tí a ti jí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n bá mi sọ nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ bí èmi àti ìyá ọkọ mi ṣe jọ dé ibẹ̀. Ọkọ mi ló yẹ kó bá mi lọ. Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa ni a fẹ́ fi ìrìn àjò náà ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ kúrò ní Atlanta. Ló bá ní kí ìyá òun rọ́pò òun. Mo wò ó títí. Mo ní, "Mummy? For our anniversary?" Ó ní, "Please, ṣáà gbọ́ mi. Wọ́n ti ń di ẹrù. Wọ́n ní after Christmas àwọn ń lọ sílé for good, wọn ò sì sọ ohun tá a ṣe fún wọn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo bá wọn sọ ọ́, wọn ò ní gbọ́. Ìwọ lo máa ní time pẹ̀lú wọn. Bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ọdún kẹfà nìyẹn tí Màmá ti wà lọ́dọ̀ wa ní Smyrna, lẹ́bàá Atlanta. Àwọn ló tọ́ àbíkẹ́yìn wa títí tó fi wọ iléèwé. Wọ́n ti gba ìwé ọmọ onílùú, ìwé ìrìnnà wọn tuntun kò sì tíì ní òǹtẹ̀ kankan nínú. Kò sí ìjà láàárín wa. Ká ní ìjà wà, à bá ti jà á tán. "Ẹ káàárọ̀ mà," "Ẹ kúulé mà," ọ̀rọ̀ ti parí. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn àgbàlagbà ni mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́, bí mo bá sì délé, ọwọ́ mi kì í sinmi. Èmi ni mò ń ka oògùn Màmá fún wọn. Èmi ni mo dín iyọ̀ ọbẹ̀ wọn kù, èmi náà ni mo ra àga sínú balùwẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú. Lọ́jọ́ kan tí mo tún gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dé iwájú wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, ibí yìí, ṣé ilé ni àbí ọsibítù?" Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.

N kò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tí ọkọ mi sọ pé wọ́n fẹ́ lọ, ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ náà ni. Mo ṣèlérí pé màá bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ kò ní dénú. A ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ítálì, n kò sì tíì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rárá.

Afinimọ̀nà wa jẹ́ ọmọbìnrin ará ibẹ̀ kan, tẹ́ẹ́rẹ́, tó gbé agbòjò aláwọ̀ ìyeyè sókè kí a lè máa rí òun láàárín èrò. Ìdajì ọjọ́ péré la fẹ́ lò: a ó rìn yí ìlú ká, a ó gun òkè tí wọ́n ti ń wo gbogbo adágún, a ó sì padà wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀sán. Àwa bí ogún ni, ó sì ń kọ orúkọ wa sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Màmá, èmi ló bi. Mo ní, "Mama." Ó ní, "Her name is Mama?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ náà sọ fún mi, kí ni kí n wí? Ìyàwó kì í la ẹnu pe ìyá ọkọ lórúkọ. Àwọn àbúrò ọkọ mi pàápàá, títí kan èyí tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù, orúkọ tí mo fún wọn fúnra mi ni mo ń pè wọ́n: Akọ̀wé, Àdúmáradán. Kì í ṣe pé n kò mọ orúkọ Màmá o. Èmi ni mo kọ gbogbo fọ́ọ̀mù ìwé ọmọ onílùú wọn. Ọwọ́ mi ti tẹ orúkọ náà láìmọye ìgbà, ẹnu mi ni kò pè é rí.

A rìn gba àwọn ọ̀nà tóóró tí apá èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. A wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí inú rẹ̀ tutù, tí òórùn àbẹ́là gba gbogbo ibẹ̀. A yà sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sílíìkì, Màmá fi àtàǹpàkò àti ìka kan yẹ ẹ̀bá aṣọ náà wò, wọ́n ní sányán bàbá àwọn nípọn ju èyí lọ, ẹni tó ń tà á sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Nígbà tó yá, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí aṣọ tí wọ́n sá láti fèrèsé dé fèrèsé lórí wa. "Ẹ wo ìlú àwọn aráàlú," ni wọ́n wí. "Ní Smyrna, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sá aṣọ síta, HOA kọ lẹ́tà." Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa kọ lẹ́tà, èmi ni mo sì sáré kó aṣọ náà wọlé, n kò sọ nǹkan kan fún wọn títí tí wọ́n fi bá a nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni ìdí àtẹ̀gùn. Òkúta ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn tó lọ sórí òkè náà, ó yí, ó tún yí, ojú kò tó òpin rẹ̀. Mo bi afinimọ̀nà bóyá ẹnì kan lè dúró nísàlẹ̀, ó ní kò burú. N kò bi Màmá ní nǹkan kan. Mo wá àga fún wọn níwájú ilé kọfí kan létí omi, mo ní kí wọ́n gbé tíì tí kò ní ṣúgà wá. Mo ní, "Mà, ẹ sinmi síbí. Orúnkún yín ò lè gba àtẹ̀gùn yẹn. A ò ní pẹ́ rárá." Wọ́n wo òkè náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa." Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́n yẹ kó mọ̀ pé "ó dáa" tó bá kúrú báyẹn, kò dáa. Mo gbọ́ ọ, mo sì bá tèmi lọ.

Orí òkè náà lẹ́wà, n kò lè sẹ́. Láti ibẹ̀, adágún náà là sí méjì bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, yìnyín wà lórí àwọn òkè ọ̀hún, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì kéré lójú débi pé èèyàn lè fi ìka kan bò wọ́n. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Ó dáhùn kíá: "Mummy ńkọ́?" Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń sinmi. Mo jókòó sórí ògiri kékeré kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi, inú mi sì dùn pé mo dá wà.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, àga ṣófo. Tíì wà níbẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú, ó ti tutù. Ojú mi kọ́kọ́ lọ sí omi, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Afinimọ̀nà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ku ìdajì wákàtí kí ọkọ̀ gbéra. Òun ló bá ẹni tó ni ilé kọfí náà sọ èdè wọn. Ọkùnrin náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ronú, ó fọwọ́ lu iwájú orí, ó wá nawọ́ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, èyí tí okùn irin ń fà gun òkè. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka sókè. Bí àwa ṣe ń fi ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níbí, Màmá ń fi ọkọ̀ gòkè lọ́hùn-ún. Afinimọ̀nà ní, "Go! I will hold the boat," mo sì sáré wọ ọkọ̀ tó kàn. Ọkọ̀ náà kò yára. Bó ṣe ń rọra fà lọ ni mò ń ronú bí màá ṣe ròyìn fún ọkọ mi pé mo gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ítálì, mo sì gbé wọn sọnù síbẹ̀.

Nígbà tí mo dókè, èrò ti kún ibẹ̀ bámúbámú, àwùjọ míì ti dé. Mo pariwo, "Màmá!" Ìyá àgbàlagbà bíi mẹ́rin yíjú wò mí, òyìnbó ni gbogbo wọn. Mo tún pè, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi pẹ̀lú àánú. N kò rí ìborùn Màmá níbì kankan. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an, kì í ṣe ẹ̀rù ọkọ mi mọ́. Mo rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe jókòó sídìí tíì yẹn láàárín àwọn àjèjì. Ẹnu mi bá ṣí, mo pe ìyá ọkọ mi lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ ni, mo sì fi oríkì wọn lé e. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó. Ṣùgbọ́n gbogbo èémí tó wà nínú mi ni mo fi pè é, ó lọ lu àpáta, ó sì padà wá bá mi.

"Ooo!" Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri kékeré ọ̀hún, ó mú, ó sì yára bí ohùn ọmọdébìnrin. Màmá dìde. Àwọn àti ìyá arúgbó ará ibẹ̀ kan ni wọ́n jọ jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń bó ọsàn jẹ. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ń wá ẹni tó pe àwọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ni, ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́ ni." Àwọn kan nínú èrò náà pàtẹ́wọ́. Títí di òní n kò mọ ohun tí wọ́n rò pé à ń ṣe.

Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyá mi ló ń pè mí báyẹn," ni wọ́n wí. "Tí mo bá gòkè tí mi ò tètè sọ̀kalẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti máa ń pè mí." Wọ́n fà mí dìde. "Ìyàwó, níbo ni wọ́n bí mi sí?"

Mo ní, "Ìdànrè ni, mà."

"Kí ló wà ní Ìdànrè?"

Òkè ni. Òkè ni gbogbo Ìdànrè, ta ni kò mọ̀? Mo ti kọ orúkọ ìlú náà sínú fọ́ọ̀mù ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ọmọ kan dàgbà níbẹ̀.

"Mi ò tíì pọ́mọ ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ru igi ìdáná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tó ju èyí lọ," ni Màmá wí. "O wá fi mí sídìí tíì tí ò ní ṣúgà. Orúnkún ń dùn mí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rí ọkọ̀ tó ń gòkè, mo wọ̀ ọ́. Ṣé o bi mí ni?"

Mo ní mi ò bi yín, mà. Mo wá bi wọ́n bóyá nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ lọ sílé. Wọ́n pín ọsàn ọwọ́ wọn sí méjì, wọ́n fún mi ní ìdajì. "Ẹ̀ ń tọ́jú mi, Ọlọ́run rí i. Ẹni tí ẹ̀ ń tọ́jú yẹn gan-an ni mi ò mọ̀." Ó dùn mí wọra, nítorí pé òótọ́ ni. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ hàn mí ibi tí ewúrẹ́ ti máa ń gba gun irú òkè bẹ́ẹ̀, ibi tí èèyàn lè dá oko sí, àti ibi tí òjò yóò gbà dé. Mo ní ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ kedere, mà. Wọ́n ní kí n máa wò ó.

Afinimọ̀nà dá ọkọ̀ dúró dè wá lóòótọ́. Bí a ṣe wọlé, gbogbo ọkọ̀ ń kí Màmá bí ọba, a kò sì tíì dé àárín adágún tí òjò fi dé láti ibi tí wọ́n nawọ́ sí. Abẹ́ òjò yẹn ni mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ, ẹ̀bẹ̀ náà sì dénú. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn máa lọ, àwọn fẹ́ rí òkè àwọn.

Wọ́n lọ lẹ́yìn Kérésì bí wọ́n ṣe wí. Ká ní ṣáájú ìrìn àjò yẹn ni, mo mọ̀ pé ǹ bá sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sìn wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfurufú tán, ẹkún ni mo sun láti College Park tí pápá náà wà padà sí Smyrna, tí àwọn awakọ̀ ń wò mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú ìyá yẹn kí n tó mọ̀ wọ́n. Ìtọ́jú niṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe, bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi ronú pé ó yẹ kí n máa béèrè. Níbi iṣẹ́ báyìí, kí n tó fi àga sábẹ́ ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n níbi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí. Àwọn kan a wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè mí, kì í ṣe ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, kí n má tíì sọ fún ọkọ mi, èmi ni àwọn fẹ́ kó wá gbé àwọn ní pápá ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, yàrá ìsàlẹ̀ la fi wọ́n sí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Mo ní, "Mà, yàrá wo lẹ fẹ́, ti ìsàlẹ̀ ni àbí ti òkè?" Wọ́n ní, "Ti òkè."