Ọláoyè àti Olóko Tí Kò Dé Oko Rí

Bí ẹ bá jáde ní Ìjoun tí ẹ kọjú sí ọ̀nà bodè, ẹ óò rí oko ìrèké kan tó gba gbogbo àkùrọ̀ etí odò. Ọláoyè ló ń bójú tó o. Olóko fúnra rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì dé oko náà rí. Bàbá rẹ̀ ló rà á. Bàbá kú, oko di ti ọmọ. Ọmọ yìí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrèké àti ọparun, ṣùgbọ́n òun ló ni ín. Èmi ni mo máa ń ru gàrí lọ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ.

Òdìkejì bodè ni àwọn òṣìṣẹ́ náà ti ń wá, láti ìgbèríko Kétu àti ilẹ̀ Ègùn. Ọdún kan kan ni wọ́n ń ṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá dé, wọ́n á fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Bí ọdún bá pé, olóko á na ọwọ́, á gba ọkọ́ náà padà, á ní, "Ọkọ́ dé, ilé yá." Ìgbà náà ni owó iṣẹ́ á tó jáde. Ẹni tó bá lọ láìjẹ́ pé wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìsáǹsá ni. Olóko mìíràn kò ní gbà á síṣẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá á máa fojú olè wò ó. Nígbà tí olóko tiwa kì í wá, Ọláoyè ló ń bá a gba ọkọ́, lẹ́yìn tó bá ti pè é lórí fóònù gba àṣẹ. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ àwọn kan gùn láyé yìí.

Lọ́dún 2019 ni ìjọba ti bodè pa. Sọ́jà kún ojú títì, wọ́n ń tú ẹrù arúgbó wò. Ìrẹsì ṣì ń kọjá. Fóònù wa náà kò gbọ́ pé wọ́n ti bodè: bí èèyàn bá gun òkìtì ọ̀gán láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á kí i káàbọ̀ sí ilẹ̀ Kútọnu.

Olóko gbọ́ ìròyìn náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pe Ọláoyè.

"Bàbá, ṣé wọn ò lè lọ sílé báyìí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba ọkọ́ ẹnikẹ́ni títí wọn ó fi ṣí bodè. Kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ ṣáà máa fún wọn lóúnjẹ."

Ọláoyè ní, "Ẹ ṣé, sà."

Inú bí mi. A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn gba etíkun kọjá, lọ gbin ìrèké lókè òkun fún olówó tó jókòó sí ìlú òyìnbó, tí kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo sọ ọ́ fún Ọláoyè. Ó ní, "Àwọn yẹn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi dè wọ́n. Ta ló de ẹnikẹ́ni níbí?" Mo ṣáà ń wo ẹnu rẹ̀.

Dinah wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ọdún rẹ̀ ti pé, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ọmọ tó kọ́kọ́ bí sínú ahéré oko yẹn, nígbà tó wá ṣe ọdún kan ṣáájú, kò yè. Ó wá bá Ọláoyè lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Agbẹ̀bí ni ìyá mi. Mi ò fẹ́ kí eléyìí náà kú."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti gbé ọ̀kadà dúró, ó sì mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí sọ́jà kò mọ̀. Kì í ṣe bodè ló dá Dinah dúró, ọkọ́ ni. Mo ní kí ó sọ ọ́ sódò kí ó máa lọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó lọ jalè.

Ọláoyè gun òkìtì ọ̀gán láti pe olóko. Etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, nítorí náà ó máa ń ṣí ohùn fóònù síta, gbogbo wa là ń gbọ́. Obìnrin kan ló gbé e.

"Bàbá mi ti ṣaláìsí láti oṣù tó kọjá. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ọláoyè ṣí fìlà lórí òkìtì. Ó kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó wá ní láti oko ni òun ti ń pè.

"Oko? Oko wo?"

Ó ṣàlàyé. Ó dárúkọ ìrèké, ó dárúkọ ọkọ̀ tó ń kó o lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ lọ sílé.

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wí? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ o."

Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń bó ìrèké kan jẹ, ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní oko ti di olóko.

Ọláoyè sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró, ó ń wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó de fìlà náà, ó na ọwọ́ sí Dinah.

"Gbé e wá. Ọkọ́ dé, ilé yá."

Àwọn tó kù tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n fi owó ìrèké tí ọkọ̀ ń kó lọ́wọ́ san owó iṣẹ́ ara wọn. Dinah ń sunkún, èmi náà sunkún, n kò tijú. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó bí obìnrin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì wà láàyè.

Àmọ́ kí ó tó gun ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn, ó yíjú padà.

"Bàbá, tiyín ńkọ́?"

Òṣìṣẹ́ ọdún kan ni Ọláoyè náà nígbà tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, láyé bàbá olóko. Bàbá olóko kú láìgba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ́ kan wà láti gbà. Ọláoyè wọ inú ahéré, ó mú ọ̀kan jáde tí irin rẹ̀ ti jẹ tán, ó dì í mú síwájú láìmọ ẹni tí yóò nà án sí.

Dinah gbà á.

"Ọkọ́ dé, Bàbá. Ilé yá."

Ọláoyè wo ọ̀nà Ìjoun, ó wo ọ̀nà bodè. Ó bi í pé, "Ilé wo?"