Sípánà Tó Bá Ọwọ́ Mi Mu

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Osi, kó mú sípánà mi láì tọrọ. Ọ̀kadà ni mo ń tún ṣe, mo sì ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Obìnrin ni mí, ìyẹn kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ ládùúgbò wa. Ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu ni pé n kì í fi sípánà yá ènìyàn. Wọ́n ní ahun ni mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Obbo-Aiyegunle ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé bó bá di ife tíì mú, ẹ ò ní rí ife náà mọ́. Ènìyàn rere ni. Kò fi ìgbà kankan sọ fún mi pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin. Àwọn tó ń kọjá lọ ló ń sọ ọ́, èmi náà sì máa ń fún wọn lésì tó bá ẹnu wọn mu. Àmọ́ ọ̀gá mi ní àwọn sípánà kan tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀ ní Ìlọrin. Wọ́n gùn, wọ́n wúwo, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó wọn. Àwọn ni gbogbo wa ń lò. Bí ó bá fẹ́ ra òmíràn kún un, á gbé e sókè, á gbé e wálẹ̀, á wo bó ṣe wúwo tó, bí ẹni tó ń ra iṣu. Èyí tó bá wúwo jù ló máa ń mú. Ìlú oníṣu ni tiwa, bí a ṣe ń ra gbogbo nǹkan nìyẹn, èmi náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ọwọ́ mi ni kò gbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n gba fírídọ̀mù, ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ibi tí a ti ń di sípánà wọ̀nyẹn mú tẹ́ẹ́rẹ́, etí wọn sì mú, wọ́n a máa jẹ mí ní àtẹ́lẹwọ́. Nítorí gígùn wọn, mo ní láti ká ọrùn ọwọ́ kò kí n tó lè rí wọn gbá mú dáadáa, n ó sì fi gbogbo ara tì wọ́n síwájú. Tó bá wá yọ̀, ó di kí n fi ìka gbá irin. Láàárọ̀, àwọn ìka mi á kú, n kò ní lè de bọ́tìnnì ara aṣọ mi. Mo fi àkísà di ọwọ́, mo ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀gá mi wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Yóò mọ́ ọ lára."

Kò mọ́ mi lára.

Osi ni ilé wa, ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń dáko iṣu àti gbágùúdá pẹ̀lú bàbá mi. Tí mo bá ti gun ọ̀kadà dé ilé ní ìparí ọ̀sẹ̀, omi gbígbóná àti òrí ni yóò kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Á fi ọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ náà títí omi á fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ọwọ́ tí wàá fi gbé ọmọ rẹ nìyí? Ṣé ìwọ nìkan ni irin wà fún láyé?" Àbúrò rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìlọrin, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a dúró ní ìsọ̀. Lọ́jọ́ tí ìrora náà pọ̀ jù, mo bá ìyá mi ṣe àdéhùn. Mo ní bí ọwọ́ mi bá ṣì rí báyìí ní ọjọ́ fírídọ̀mù, n ó kó lọ sí Ìlọrin, n ó lọ máa ta aṣọ. Ẹnu mi ló sọ ọ́, n kò mọ̀ pé ó ti di òdodo lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí mo tún wálé, báàgì kan ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti di àwọn aṣọ mi tó dára sínú rẹ̀, ó sì ti ra sálúbàtà tuntun fún mi.

Gbogbo ìgbà tí mo bá rí báàgì yẹn ni inú mi máa ń bàjẹ́. N kò fẹ́ ta aṣọ. Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ràn. Tí èyí tó ti kú tipẹ́ bá wúkọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi, tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ayọ̀ tó máa ń dé bá mi, n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Mo wá ń wo ọwọ́ ara mi bí ọ̀tá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi lọ ro oko gbágùúdá. Mo na ọwọ́ sí ọkọ́ tó sún mọ́ mi, ló bá jágbe mọ́ mi. "Gbé ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ti bàbá rẹ nìyẹn, ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ yóò bó ọ lọ́wọ́. Tìrẹ nìyẹn níbẹ̀ yẹn."

Mo mú tèmi. Nílé wa, ọkọ́ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Bàbá mi ló ń gé ẹ̀rúkọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, á ní kí n mú ọwọ́ wá, á ní kí n di igi náà mú, á wo ibi tí àtàǹpàkò mi dé, á wá fi àfọ́kù ìgò fá a títí yóò fi dán. Bí mo ṣe ń dàgbà ló ń gé òmíràn. Mo roko títí oòrùn fi mú, ara ń ro mí, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ mi kò sọ nǹkan kan. Mo nàró.

"Màmi, ṣé ẹ lè fi ọkọ́ bàbá mi roko látàárọ̀ dalẹ́?"

"Kí n wá máa fi ṣe kí ni? Ṣé n kò ní tèmi ni?"

"Èmi wá ń fi sípánà ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́."

Ó ń roko lọ. Ó dé ìparí poro kó tó dúró, ó kọjú sí mi. "Ṣé wọ́n ń ta èyí tó kéré ju ìyẹn lọ ni?"

Ọjà Iloffa la lọ. Ọkùnrin kan máa ń tẹ́ tapólì síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, á to sípánà sórí rẹ̀ lóríṣiríṣi. Mo mọ̀ pé ìyá mi tẹ̀ lé mi kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò ní ṣeé ṣe. Ọkùnrin náà gbé èyí tó wúwo jù fún wa. "Màmá, èyí lágbára gan-an."

"Ta ló bi ọ́ léèrè agbára?" Ìyá mi gbà á, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ lọ láti òkè délẹ̀, ó sì dá a padà. "Ó ní etí. Etí yìí ló ń jẹ ọmọ mi lọ́wọ́."

Ó wá jókòó ti ọjà náà, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dì wọ́n mú bí ẹ̀rúkọ́. Ó rí ọ̀kan tó kúrú, tó sanra, tí wọ́n fi rọ́bà bò, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Màmi, èyí kò ní ráyè wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì láéláé."

Ó pòṣé. "Ìwọ lo mọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mú èyí tó máa wọlé, èmi á wo èyí tó máa gba ọwọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Èyí tó bá ń dán gbinrin ni mo kọ̀, torí tí epo bá kàn án, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Mo wá èyí tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó, tó máa ń gbá orí nọ́ọ̀tì mọ́ra yí po, kó má baà fò kúrò lójijì. Mo di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, mo ń fà á nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé nọ́ọ̀tì wà níwájú mi, ìyá mi sì ń wo ọrùn ọwọ́ mi. Tó bá ti ká, a dá a padà. Tó bá dúró gbọọrọ, a yà á sọ́tọ̀. Àwọn ènìyàn dúró ń wò wá. Ọlọ́jà náà kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Àǹtí, ṣé sípánà lẹ ń rà ni àbí bàtà?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn. "Bàtà ni. Ṣé ìwọ máa ń ra bàtà láì wọ̀ ọ́ wò ni?"

A délé, bàbá mi gé rọ́bà inú táyà àtijọ́, ó fi wé àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú wọn. Àkọ́kọ́ nípọn jù, ọwọ́ mi kò ká a, ó tú u, ó dín in kù. Mo dá ara mi lẹ́kọ̀ọ́ láti máa fa sípánà sọ́dọ̀ ara mi dípò kí n máa tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwúlé náà ń lọ, mo sì tún ń de bọ́tìnnì fúnra mi. Ìyá mi rí i, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan báàgì. Ó ní ọjọ́ fírídọ̀mù la ó mọ̀.

Ọjọ́ náà pé. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ẹni tó bá ń gba fírídọ̀mù gbọ́dọ̀ tú nọ́ọ̀tì kan lára ẹ́ńjìnnì lójú gbogbo ènìyàn, sípánà ńlá ọ̀gá ni yóò sì fi tú u. Lẹ́yìn náà ni aáfà yóò ṣàdúrà, sípánà náà yóò sì di ti onítọ̀hún. Ọ̀gá mi ti fi aṣọ funfun wé e. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ̀rù sì bà mí gidi. Tí mo bá fi tú nọ́ọ̀tì yẹn, tí ọwọ́ mi sì yẹ̀, Ìlọrin yá nìyẹn. Tí mo bá kọ̀ ọ́, mo ti dójú ti ọ̀gá mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wo ìyá mi láàárín àwọn èrò. Kò wo ẹ́ńjìnnì, kò wo ọ̀gá mi. Ọrùn ọwọ́ mi ló ń wò.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi tú u."

Ọ̀gá mi na ọwọ́, mo gbé sípánà mi lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti dì í mú bó ṣe yẹ, kò rí i ṣe. Ó wo rọ́bà tí bàbá mi wé mọ́ ọn, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni mo kọ́ níṣẹ́, n kò kọ́ sípánà níṣẹ́. Gbà, tú u."

Nọ́ọ̀tì náà ti dípẹtà. Mo fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, mo na ọrùn ọwọ́ gbọọrọ, mo fà á. Kò mira. Mo tún fà á, ó ké, ó sì yí. Àtẹ́wọ́ sọ. Kí aáfà tó la ẹnu, ìyá mi ti kọjá síwájú, ó ti gba ọwọ́ mi mú, ó ń tẹ ibi tó máa ń dùn mí.

"Ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí."

Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Màmi, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣẹ́ ẹ." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Sípánà ńlá rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi títí dòní, mo máa ń fi epo nù ún kó má dípẹtà.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi wọ́ báàgì náà jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀. Ó ń yọ aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà sínú àpótí. Ó ju sálúbàtà tuntun náà sí mi pé kí n máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí báàgì náà ṣófo, ó gbọ̀n ọ́n, ó tì í sọ́dọ̀ mi.

"Kó sípánà rẹ sí i," ló wí. "Má sì fi yá ẹnikẹ́ni."