Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ọmọ Mi Bọ̀ Láti Àgọ́ Síkáòtù ní Sókótó

Ìdájí ni mo kúrò nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn aládùúgbò má baà bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ. Ìyá mi nìkan ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Má padà wá láìmú un dání."

Kọ́lá, àkọ́bí mi, ni wọ́n ń sọ. Ó ti bá ẹgbẹ́ Síkáòtù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí àgọ́ kan ní Sókótó, níbi tí àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ mélòó kan ti pàdé. Bàbá rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún un nígbà tí mo lọ sí ìsìnkú ní Òṣogbo.

Kí ẹ tó sọ pé mò ń ṣàṣejù, ẹ gbọ́ tèmi ná. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ogun abẹ́lé parí, ṣùgbọ́n kò tíì parí nílé wa. Àbúrò mi, Ìdòwú, wọ kaakí jáde lọ sójú ogun náà. Fèrè ni wọ́n fi ń pe òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìlà; àwa dúró lẹ́bàá ọ̀nà, à ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò padà wálé, a kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Nígbà tí mo gbọ́ pé kaakí ni Kọ́lá wọ̀ lọ, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú owó ọkọ̀. Rédíò náà kò sì yéé sọ̀rọ̀ ìjà ẹ̀sìn ní òkè Ọya.

Gáréèjì Ìlọrin ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Sókótó tààrà. Náírà méjìlá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni mo jókòó sí, kí n lè máa ṣọ́ eré tó ń sá. Ọ̀dà ojú ọ̀nà dán títí dé Jẹ́bà, níbi tí a ti gba orí afárá kọjá odò Ọya. Lẹ́yìn Kòǹtàgórà ni kòtò bẹ̀rẹ̀, eruku sì ń wọlé bí ẹni tó sanwó ọkọ̀.

"Ìyá," ni awakọ̀ wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń wà á ni, àbí èmi?"

"Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń ka eré rẹ ti kọjá ọgọ́rin."

"Abẹ́rẹ́ wo? Èyí tó ti kú láti èṣí? Ibi tó bá wù ú ló ń tọ́ka sí!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àdúrà ni mo ń gbà.

Ní Yẹ́lúwà a dúró jẹun. Mo ra masa, ìyẹn ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n dín ní roboto, tó kan díẹ̀ lẹ́nu bí ògì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọlọ́jà á polówó títí ohùn á fi há. Obìnrin tó ta masa fún mi jókòó jẹ́ẹ́, ó ń dúró de ẹni tébi ń pa.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí a wọ Sókótó. Kofar Marke ni mo sùn, lọ́dọ̀ Ìyá Túndùn, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń ṣe irun níbẹ̀. Kofar ni àwọn Hausa ń pe ẹnubodè ìlú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti lọ wo Kọ́lá. Ó ń jẹun ju bó ṣe ń jẹ nílé yín lọ! Bí ẹ bá mú un lọ báyìí, ọmọ ọmú ni wọ́n á máa pè é."

"Kí wọ́n máa pè é. Ọmọ ọmú tó wà láyé, ọmọ ni."

Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Kofar Rini ni àgọ́ náà wà. Olórí wọn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin Ìgbò kan tó ń ṣe tísà ní Sókótó, Emeka lorúkọ rẹ̀. Ó yára wá pàdé mi, ó sì na ọwọ́ òsì sí mi. Mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ta ní ń fi òsì kí àgbà?

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ mí. "Mama, ẹ má bínú, mo gbàgbé ara mi ni. Báyìí ni Síkáòtù ṣe ń kí ara wọn. Ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú. Ẹni tó bá nà án sí yín ti gbé asà rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn." Ó tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì kí mi lọ́nà tó yẹ.

"Mo wá mú ọmọ mi," ni mo wí.

"Ọmọ yín ni. Ẹ jókòó ná, ẹ mu fura." Ọkà gígún tí wọ́n pò mọ́ wàrà ni, ó tutù, ó sì dùn.

Mo ń mu ún, mo ń wò. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ń kírun, àwọn onígbàgbọ́ ń ṣọ́ ìkòkò fún wọn. Tísà ní lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn Mùsùlùmí ló ń dáná tí àwọn yòókù bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, mo rí Kọ́lá. Òun kò tíì rí mi. Òun àti ọmọ Sókótó kan tó ń jẹ́ Sánúsí ń kó igi ìdáná. Kọ́lá gbé igi kan lé èjìká, ó di ojú kan, ó sì dojú igi kọ Sánúsí. "Gbàù! Ọ̀tá kú!" Sánúsí ṣubú, ó ń kú tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí eré tí wọ́n ń ṣe lágbàlá wa lójoojúmọ́ ni.

Tísà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gba igi náà lọ́wọ́ ọmọ mi, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lórí orúnkún, ó sì tì í bọ abẹ́ ìkòkò. "Níbí, igi la fi ń dáná," ló wí. Ó ní kí Kọ́lá fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde.

Ó padà wá jókòó tì mí.

"Tísà, eré ọmọdé ni."

"Mo mọ̀, Mama. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwa náà, nítorí ìbọn kò kárí. Bí Kọ́lá ṣe rí yìí ni mo rí nígbà náà. Ìhà Biafra ni mo wà. Àwa mẹ́rin la lọ sógun láti kíláàsì wa."

Kò sọ iye tó padà, èmi kò sì bi í. Mo sọ ti Ìdòwú fún un. Ó ṣí fìlà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mama," ló wí.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n wà lábúlé. Ọjọ́ tí mo ti ojú ogun dé, mo ti gbẹ débi pé wọn kò dá mi mọ̀. Wọ́n ní kí n kọ orin tí àwọn fi ń gbé mi sùn kí àwọn tó ṣílẹ̀kùn."

Kọ́lá wá rí mi níkẹyìn. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Mọ́mì, ẹ wá mú mi lọ ni?"

Mo fa ẹ̀wù òtútù rẹ̀ yọ nínú báàgì mi. "Ọyẹ́ ti mú níbí. Gba èyí. Bí ẹ bá parí, kí o bá àwọn tísà yín bọ̀."

Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi sáré padà sídìí iná.

Mo ra àlùbọ́sà pupa ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá wọn, mo sì gba ọ̀nà ilé. Lójú ọ̀nà ni mo rí i pé láti ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ilé wa nìkan ni ìyá ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ pé mo lọ.

Ìyá mi ti dúró níta nígbà tí mo dé. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ náà dà?"

Mo jókòó, mo sì rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn kò bínú. Wọn kò béèrè Kọ́lá mọ́.

"Tísà yẹn, ṣé ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Wọ́n ṣí i, Màámi."

Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "A dúpẹ́," ni wọ́n wí. "A bá a dúpẹ́."